Alágbàfọ̀ Mi Ni

Ìbínú ló gbé obìnrin aṣòfin náà wọ ilé ìfọṣọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ọkùnrin yìí. Ó ju búláòsì funfun kan sórí káńtà, ó tẹ́ ẹ síta kí gbogbo wọn lè rí i. Àpá áyọ́ọ̀nù wà lẹ́yìn aṣọ náà gbàgàdà, ó pọ́n bí ìdí búrẹ́dì tó jóná.

"Ta ló ṣe èyí?"

Àwọn òṣìṣẹ́ wo ara wọn lójú. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹnu ọ̀nà ilé ìfọṣọ yẹn kọjú sí géètì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gan-an, gbogbo ìlú ló sì mọ obìnrin náà sí Òfin-ni-òfin, torí gbólóhùn yẹn ló fi ń kádìí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ nílé ìgbìmọ̀. Bó sọ̀rọ̀ lórí omi ẹ̀rọ, òfin ni òfin. Bó sọ̀rọ̀ lórí ajá tí kì í jẹ́ kí aládùúgbò sùn, òfin ni òfin.

Ọkùnrin gíga kan yọ láti ẹ̀yìn, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti ń rú túú. "Èmi ni, mà," ó wí. "Ẹ má bínú."

"Ìwọ? O ò ríran ni?"

"Mo ríran, mà. Ọkàn mi ló rìn jìnnà díẹ̀."

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rí obìnrin kan tó ń ká aṣọ ibùsùn níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé aṣọ náà kò ká mọ́. Ọ̀rọ̀ ti yé e. Ó yíjú padà sí ọkùnrin náà, ọkùnrin náà sì tẹjú mọ́ ọn, bíi pé ó ń bẹ̀ ẹ́ láìlahùn.

"Mo ti rí ẹni tó jó aṣọ mi," ó wí.

"Ẹ ò rí ẹnì kankan, mà," ọkùnrin náà fèsì jẹ́jẹ́. "Èmi nìkan lẹ rí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin aṣòfin kó tó mọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ra, kò bímọ fún un, láti ìgbà náà ló sì ti fi iṣẹ́ ìlú ṣe ọkọ, tó fi ṣe ọmọ.

Jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà níbi iṣẹ́, nítorí kò sí ohun tó ń fi ipá ṣe. Bó bá ń lọ aṣọ, ẹ óò rò pé ọmọ tuntun ló ń fọwọ́ pa lẹ́yìn. Ẹni tó jó búláòsì ni Ìyá Ìbejì, tí ọkọ rẹ̀ ti sá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ méjèèjì. Ọ̀gá wọn sì ti kìlọ̀ fún un pé bó bá tún ba aṣọ kan jẹ́, kó máa lọ sílé.

Báyìí ni obìnrin aṣòfin ṣe di oníbàárà tí kì í wọ́n ní ìsọ̀. Ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ló kọ́kọ́ fura.

"Aṣọ tí o kò tíì wọ̀ ni o tún gbé lọ fọ̀ yẹn?"

"Eruku ti bò ó, Màámi."

"Eruku inú àpótí tó wà ní títì?" Ìyá rẹ̀ mi orí. "Eruku yẹn ní irùngbọ̀n, àbí kò ní?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ká àwọn méjèèjì mọ́ abẹ́ páànù iwájú ìsọ̀. Omi ń ta sí obìnrin náà léjìká. Jẹ́ẹ́jẹ́ fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó ní, "Súnmọ́ ibí, o ti tutù." Bó ti gbọ́ ohun tó tẹnu ara rẹ̀ jáde, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ṣé aṣòfin ni ó ń pè ní "o"?

"Tún un sọ," obìnrin náà wí.

"Mà?"

"Mo ní kó o tún un sọ."

"O ti tutù," Jẹ́ẹ́jẹ́ tún wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "O ti tutù, ẹ̀yìnjú mi."

Láti ọjọ́ náà, Jẹ́ẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń gbé aṣọ wá sílé obìnrin náà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà. Òun àti ìyá aṣòfin a jókòó sí kíṣìnnì, wọn a máa sọ̀rọ̀, wọn a máa rẹ́rìn-ín, ìyá náà a sì máa pè é ní ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n aṣòfin bá ń bọ̀, obìnrin náà a ti kọ́kọ́ rí i dájú pé Jẹ́ẹ́jẹ́ ti lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yìí ló ni ilé ìtẹ̀wé, òun ló tẹ gbogbo fọ́tò ìpolongo rẹ̀, òun ló ń bá a ká gbogbo ìlú nígbà tó ń wá ìbò. Obìnrin náà ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun óò sọ fún un tó bá ṣe díẹ̀. Ojú ń tì í, kò sì mọ èyí tó ń tì í lójú jù: pé òun fẹ́ràn alágbàfọ̀ ni, àbí pé òun ń fi í pa mọ́.

Nígbà tó yá, ó dà á rò, ó pinnu. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbìmọ̀ lọ́sàn-án gangan.

"Ìgbà wo lo máa wá rí ẹ̀gbọ́n mi?"

Jẹ́ẹ́jẹ́ yíjú sí i. "Kí n tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ, ó yẹ kí o mọ ẹni tí o fẹ́ mú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò ní ìwé ìgbélùú."

"Báwo?"

"Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló mú èmi àti àwọn tá a jọ ń fọṣọ wọ̀lú yìí. Ìwé wa wà lórúkọ ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa, ìwé náà kú mọ́ ọn. Ó yẹ kí n máa lọ nígbà náà. Àìsàn bàbá mi ń le sí i, oògùn rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi. Mo ní mo máa lọ lóṣù tó ń bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín tí kò dùn. "Oṣù tó ń bọ̀ yẹn ò dé rí."

Obìnrin náà kò mọ ìgbà tí òun sún. Díẹ̀ báyìí ló sún lórí bẹ́ǹṣì, kò ju àlàfo tí àpamọ́wọ́ lè gbà lọ. Jẹ́ẹ́jẹ́ rí i. Òun náà rí i pé ó rí i. Ojú tì í débi pé kò lè sún padà.

Ẹ wò ó, òun gan-an ló gbé àbádòfin lórí àwọn àjèjì tí kò níwèé síwájú ilé nígbà yẹn. Kì í ṣe ìkà ló sún un ṣe é. Ó gbà lóòótọ́ pé ìlú tí kò ní ẹnu ọ̀nà, ìta gbangba ni. Ṣùgbọ́n àbádòfin náà le. Ó ní kí àwọn ìmígíréṣọ̀n máa dá ẹni tí kò níwèé padà láìjẹ́ kí ó fojú kan adájọ́, kí ilẹ̀kùn ìlú sì tì mọ́ ẹni tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀ títí láé.

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?" ó bi Jẹ́ẹ́jẹ́.

"Mi ò ní kí o ṣe nǹkan kan. Ìlú yín ni. Mi ò kàn fẹ́ kí o fi ojú dídì fẹ́ mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ilé máa jíròrò lórí àbádòfin náà, ọ̀gá àwọn ìmígíréṣọ̀n pe obìnrin aṣòfin lórí fóònù. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní adájọ́ ti fún àwọn ní àṣẹ, pé lọ́jọ́ kejì àwọn máa wọ àwọn ibi iṣẹ́ kan ládùúgbò ilé ìgbìmọ̀, kí àwọn oníròyìn lè ya àwòrán, kí àbádòfin náà lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

"Ilé ìfọṣọ tó kọjú sí yín wà nínú rẹ̀, mà."

Obìnrin náà dìde, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ó lè sọ pé kí wọ́n má lọ. Ó lè dákẹ́. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

"Ẹnì kan wà níbẹ̀," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ga. Ẹ̀yìn ló máa ń wà, nídìí áyọ́ọ̀nù. Ẹ bá mi fojú fo ìyẹn."

Ọ̀gá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti yé mi, mà. Òfin ni òfin, àbí?"

Ẹ̀rín yẹn wọ̀ ọ́ lára bí ìgbà tí èèyàn fi aṣọ tútù nu ẹ̀yìn rẹ̀. Síbẹ̀ ó dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó kó ìwé rẹ̀, ó sì wọ inú ilé ìgbìmọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí ó ti parí ni aṣòfin àgbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn dìde.

"Àbúrò," bàbá náà wí, "pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Bí ẹni tí ẹ mọ̀, ẹni tí ẹ fẹ́ràn, bá wà nínú àwọn tí òfin yìí máa mú ńkọ́?"

Obìnrin náà gbé orí sókè.

"Òfin kò mọ ẹni tí mo mọ̀, bàbá. Bó bá jẹ́ ọmọ ìyá mi ni, kó lọ. Òfin ni òfin!"

Ariwo àtẹ́wọ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó lókè níbi tí àwọn ará ìlú ti ń wòran dìde dúró, ó ń pàtẹ́wọ́, omi ń yọ lójú rẹ̀ nítorí ìgbéraga. Obìnrin náà jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí àga mú.

Lọ́jọ́ kejì, ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ ló dúró sí tó fi rí gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan dúró síwájú ilé ìfọṣọ. Àwọn ìmígíréṣọ̀n ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde níkọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìbejì jáde tòun ti aṣọ ibùsùn tó ń ká lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó rántí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Jẹ́ẹ́jẹ́ yọ. Kò sẹ́ni tó mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ síwájú ọ̀kan nínú àwọn ìmígíréṣọ̀n náà. Ọkùnrin yẹn tì í padà sínú ìsọ̀. Ó sọ nǹkan kan fún un tí gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ gbọ́, tí wọ́n fi yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan náà.

Obìnrin náà kò gbọ́ ọ láti ibi tó wà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó mọ̀. Ohun tí ọkùnrin yẹn sọ ni pé, "Ìwọ kọ́. Wọ́n ti pè wá nítorí rẹ."

Lópin ọ̀sẹ̀, èrò kún pálọ̀ obìnrin aṣòfin lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú wá bá a yọ̀. Ó ku ìbò ìkẹyìn kí àbádòfin di òfin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò kiri bíi pé ọjọ́ ìkómọ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Jẹ́ẹ́jẹ́ fi gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó ń wo obìnrin náà. Àwọn àlejò yíjú sí i.

"Àbúrò mi, ta nìyí?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bèèrè.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu obìnrin náà. Èyí tó kúrú jù ló bọ́ síta.

"Alágbàfọ̀ mi ni."

Jẹ́ẹ́jẹ́ wò ó. Ó tẹrí ba díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó wí fún ẹ̀gbọ́n. "Aṣọ ni mo wá gbà."

Kí ló kù tí obìnrin náà fẹ́ ṣe? Ó wọ yàrá, ó fa àwọn aṣọ mímọ́ yọ nínú àpótí, ó dì wọ́n, ó gbé wọn wá. Bó ti ń gbé e lé Jẹ́ẹ́jẹ́ lọ́wọ́, ìka wọn kan ara wọn. Ìka ọkùnrin náà tutù.

"Ẹ ṣeun, mà," Jẹ́ẹ́jẹ́ wí, ó sì bá ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé jáde.

Ẹ ṣeun. Mà. Obìnrin náà dúró gbagidi.

"Ọmọlúàbí ni alágbàfọ̀ yín yìí o," ọ̀kan nínú àwọn àlejò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Irú wọn ló yẹ kí wọ́n máa fi sílẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù nígbà tó yá: pé òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí èrò tú, ìyá rẹ̀ ò bá a jà. Ó jókòó sí kíṣìnnì, níbi tó ti máa ń bá Jẹ́ẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé ojú sí ògiri.

"Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́," ìyá náà wí. "Èmi ni mo bí ọ. Ojú tì mí lónìí."

"Màámi, ẹ ò mọ ohun tí—"

"Kí ni mi ò mọ̀? Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ mi wọ ilé yìí, ọmọ mi ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ó tún ku èyí tí mi ò mọ̀?"

Ó kù. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ fóònù. Ìyá náà káwọ́ lérí.

Ilé ìfọṣọ dá páropáro nígbà tó débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Jẹ́ẹ́jẹ́ nìkan ló wà nídìí áyọ́ọ̀nù. Ìdì aṣọ tó gbé fún un lọ́jọ́sí wà lórí káńtà, bó ti dì í.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ pè wọ́n?" Jẹ́ẹ́jẹ́ bi í.

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mú ọ lọ."

Jẹ́ẹ́jẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó pa iná rẹ̀. "Ẹ mọ ibi tí mo lọ lẹ́yìn tí wọ́n kó wọn? Mo lọ mú àwọn ìbejì níléèwé. Mo mú wọn lọ bá àbúrò ìyá wọn. Ó gba àwọn ọmọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Ó ní ọ̀dàlẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró níwájú ilé òun. Àwọn ọmọ yẹn ń wò mí lójú fèrèsé." Ohùn rẹ̀ kò sókè, síbẹ̀ ó ń já. "Mo jẹ̀bi pé mo dúró sílùú yín láìgbàṣẹ. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀yin lẹ sọ mí di ọ̀dàlẹ̀."

"Dárí jì mí. Má pè mí ní ẹ̀yin mọ́, jọ̀ọ́."

"Bí òfin yẹn bá dára fún Ìyá Ìbejì, ó dára fún èmi náà. Bí kò bá sì dára fún mi, ẹ sọ fún mi ìdí tó fi dára fún un." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Lọ́la, màá lọ fi ara mi hàn wọ́n."

Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ ṣe ìgbéyàwó ní kíákíá, kò sẹ́ni tó máa lé ọkọ aṣòfin. Jẹ́ẹ́jẹ́ mi orí.

"Ṣé ìfẹ́ ló fẹ́ gbé wa dé iwájú akọ̀wé ìgbéyàwó, àbí ìbẹ̀rù?"

Obìnrin náà gbé ìdì aṣọ rẹ̀, ó sì lọ.

Ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ ìbò ìkẹyìn, ni Jẹ́ẹ́jẹ́ lọ fi ara rẹ̀ hàn. Ó ti wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí olórí ilé pe obìnrin aṣòfin kí ó wá kádìí ọ̀rọ̀ lórí àbádòfin rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lókè, ó wọ kóòtù tuntun.

Obìnrin náà dìde. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀; kò ṣí i.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá, mo purọ́ fún yín. Wọ́n bi mí nínú ilé yìí pé bí ẹni tí mo fẹ́ràn bá wà nínú wọn ńkọ́. Mo ní kó lọ. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Kí n tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti bá ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé kó fojú fo ẹnì kan. Ó fò ó. Ó kó àwọn tó kù."

Ariwo bẹ̀rẹ̀. Olórí ilé ń lu tábìlì.

"Ẹni náà, àfẹ́sọ́nà mi ni," ó wí. "Alágbàfọ̀ ni. Mo sẹ́ ẹ nínú ilé mi níwájú àwọn kan lára yín. Mi ò sọ pé kí ìlú má ní òfin. Ṣùgbọ́n òfin tí mo lè fi fóònù kan yẹ̀ fún ẹni tèmi, tí Ìyá Ìbejì tó ń ká aṣọ kò ní ẹni tó lè pè, kì í ṣe òfin. Agbára lásán ni. Ẹ yọ ibi tí mo ti ní kí wọ́n má rí adájọ́ kúrò. Ẹ yọ ibi tí mo ti ní kí ilẹ̀kùn tì títí láé. Èmi ni mo kọ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pa wọ́n rẹ́."

"Alágàbàgebè!" ẹnì kan ké. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ó mọ ohùn náà. Ó gbé ojú sókè wo ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Àga ti ṣófo.

Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi yí sí ìhà kejì. Nígbà tí wọ́n dìbò, wọ́n yọ ibi méjèèjì náà kúrò, ìwọ̀nba ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Àbádòfin tó kù sì kọjá. Bó ti ń jáde, aṣòfin àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn dá a dúró.

"Kò tíì tó, àbúrò," bàbá náà wí. "Ṣùgbọ́n o ti bẹ̀rẹ̀."

Kó tó di pé wọ́n ní kó máa lọ, obìnrin náà ti fipò sílẹ̀. Wọ́n lé ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn oníròyìn fi obìnrin náà ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi sú wọn. Ní ọjà, àwọn ọmọ kéékèèké a máa pariwo "Òfin-ni-òfin!" tẹ̀ lé e, òun a sì máa tẹrí mọ́lẹ̀ kọjá. Ó mọ ìtumọ̀ ikú yá ju ẹ̀sín nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò kú. Ó ń jí láràárọ̀ ni.

Ó lọ bẹ Ìyá Ìbejì ní àtìmọ́lé. Ìyá Ìbejì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Mi ò ní dárí jì yín lónìí. Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Àmọ́ mo ti pe ọkùnrin yẹn ní ọ̀dàlẹ̀, ó ń dùn mí. Ẹ lọ sọ fún àwọn èèyàn wa pé òun kọ́."

Ó lọ. Ó dúró níwájú àbúrò Ìyá Ìbejì àti àwọn ìbejì, ó sọ ọ́. Ó dúró nílé ìfọṣọ, níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tuntun àti àwọn mọ̀lẹ́bí àwọn tí wọ́n kó lọ, ó sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

Adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ kí Ìyá Ìbejì padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ. Ó ní kí Jẹ́ẹ́jẹ́ padà sílùú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé Jẹ́ẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá fi ara rẹ̀ hàn, ó lè tọrọ ìwé lọ́jọ́ iwájú.

Obìnrin náà sìn ín dé ibùdókọ̀. Ẹrù Jẹ́ẹ́jẹ́ kò ju àpò kan lọ. Wọ́n dúró láàárín àwọn èrò.

"Wọ́n sọ fún mi ní àtìmọ́lé pé o dárúkọ mi nílé ìgbìmọ̀," Jẹ́ẹ́jẹ́ wí níkẹyìn.

O. Ó ti pè é ní o. Omi lé sí obìnrin náà lójú. "Jẹ́ kí n bá ọ lọ."

"Rárá."

"O ò fẹ́ mi mọ́."

"Mo fẹ́ ọ, ẹ̀yìnjú mi. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè sùn. Ṣùgbọ́n ìtìjú ló ń tì ọ́ lẹ́yìn báyìí. Bó bá jẹ́ òun ló gbé ọ wá, ìyàwó tó ń sanwó ìtanràn ni màá fẹ́. Dúró ná. Bó bá ṣe díẹ̀, tí o wò ó, tí ó jẹ́ ìfẹ́ ló kù, máa bọ̀."

Ó wọ ọkọ̀. Obìnrin náà dúró síbẹ̀ títí èéfín ọkọ̀ fi parẹ́, tí ẹnì kan fi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mọ́mì, ẹ yàgò lọ́nà."

Ọdún yípo. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama kan. Ó padà lọ bá Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta ni Ìyá Ìbejì fún un ní àga. Òun àti Jẹ́ẹ́jẹ́ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, lákọ̀ọ́kọ́ nípa ojú ọjọ́, lẹ́yìn náà nípa ohun gbogbo. Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, ó di àpò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìbò, ló wá fi ọkọ̀ gbé e. Wọ́n dé ibùdókọ̀, ó bá a gbé àpò sọ̀ kalẹ̀.

"Bá mi kí alágbàfọ̀ yẹn," ẹ̀gbọ́n wí. Ó wú ikọ́. "Bá mi kí àna mi."

Ní ẹnubodè, obìnrin náà tò sórí ìlà àwọn àjèjì. Ìlà náà gùn, oòrùn mú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tó kàn án, aṣọ́bodè kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn.

"Ẹ mọ ẹnì kan nílùú wa?"

"Mo mọ ẹnì kan."

"Kí ló jẹ́ sí yín?"

Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn ti súnmọ́ tòsí, wọ́n ń gbọ́. Ìtìjú obìnrin náà ò tíì lọ. Ó mọ̀ pé ó lè má lọ láéláé. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gbé e dé ibẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi ni," ó wí, ó sì gbóhùn sókè. "Alágbàfọ̀ ni. Mo wá fẹ́ ẹ, bó bá ṣì gbà."

Ẹnì kan lẹ́yìn pa àtẹ́wọ́. Aṣọ́bodè náà tiraka kó má rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín borí rẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀. "Oṣù kan ni mo fún yín, mà. Ẹ má kọjá rẹ̀ o."

"Mi ò ní kọjá rẹ̀," ó fèsì. Kò fi ṣe àwàdà.

Jẹ́ẹ́jẹ́ dúró lẹ́yìn ọ̀pá irin, láàárín àwọn tó ń dúró de àlejò wọn. Ewú ti yọ díẹ̀ lórí rẹ̀. Kò sáré, kò pariwo. Ó gba àpò lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì wo ojú rẹ̀ pẹ́.

"Ìyá mi ti jókòó síwájú ilé láti àárọ̀," ó wí. "Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìyàwó òun ń bọ̀. Mo ní kó ní sùúrù, bóyá o ò ní wá. Ó ní kí n panu mọ́."

"Ìwọ ńkọ́? O rò pé mo máa wá?"

Jẹ́ẹ́jẹ́ gbé àpò sí èjìká kan, ó na ọwọ́ kejì, obìnrin náà sì dì í mú, ní gbangba, lójú gbogbo èèyàn.